Fóònù Àti Bàtà Lásán Ni Mò Ń Gbé, Kí Ló Dé Tí Ẹ̀yìn Ń Ro Mí?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lóṣù tó kọjá mo kàn fẹnu bà á lójú ìwé yìí pé èmi náà ti ṣiṣẹ́ wíàhaùsì rí kí n tó máa kọ̀wé, ìyẹn àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńlá tí wọ́n ti ń di ọjà tí èèyàn rà lórí fóònù ránṣẹ́ sí i, háà, àfi bí ẹni fọwọ́ kan ilé oyin! Lẹ́tà ń wá láti Ṣágámù, láti Ògèrè, láti Ìpẹru, láti Ìjẹ̀bú-Òde, kódà ọ̀kan wá látọ̀dọ̀ ìyá tí ọmọ ẹ̀ wà nílẹ̀ òyìnbó. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀, èyí tí mo mú rèé. Ohun tó bá jẹ mọ́ ìtọ́jú, mo ti bi ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ físíò, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti eegun, léèrè, torí èmi kì í ṣe dọ́kítà, ẹrù ni mo dì.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 26 ni mí, Mákun ní Ṣágámù ni mò ń gbé. Oṣù karùn-ún rèé tí mo ti wà ní wíàhaùsì kan lójú ọ̀nà ẹ́síprẹ́ẹ̀sì. Èmi ni mò ń lọ mú ọjà lórí pẹpẹ, skánà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ mi, á sọ ibi tó wà, màá rìn débẹ̀, màá mú un, màá skáànù ẹ̀, kí n tó mí ó ti sọ òmíràn. Táágẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ ọjà 90 láàárín wákàtí kan. Ní báyìí tí mo bá jí láàárọ̀ mi ò lè dúró wọ ṣòkòtò, àfi kí n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ fún bàbá mi, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín, wọ́n ní àwọn alábàárù tó wà ní Sábó ń ru àpò obì látàárọ̀ ṣúlẹ̀ wọn ò ké, èmi tó ń gbé fóònù àti bàtà lásán ni ẹ̀yìn ń ro. Àǹtí, ṣé ọ̀lẹ ni mí ni?

ÌDÁHÙN: Ọ̀lẹ kọ́, àbúrò mi. Bá mi kí bàbá dáadáa, àmọ́ sọ fún wọn pé ẹrù kan wà tí wọn ò kà mọ́ ọn nínú ìṣirò yẹn.

Tóo bá bẹ̀rẹ̀ mú fóònù tí ò tó ìdajì kílò ní pẹpẹ ìsàlẹ̀, kì í ṣe fóònù nìkan lo gbé dìde. Orí ẹ, àyà ẹ, ikùn ẹ, apá ẹ méjèèjì, gbogbo ẹ̀ ló rọ̀ mọ́ ìbàdí níbi tóo ti tẹ̀ yẹn, gbogbo ẹ̀ sì ju ìdajì ìwúwo èèyàn lọ. Tóo bá jẹ́ kílò 70, o ti ń gbé ohun tó lé ní kílò 35 kóo tó fọwọ́ kan fóònù rárá. Àpò píọ́ wọ́tà tí 20 wà nínú ẹ̀ tó nǹkan bíi kílò 10, ìwọ náà ṣírò ẹ̀, ó ju àpò mẹ́ta àtààbọ̀ lọ. Ká wá ní ìdá kan nínú mẹ́ta ọjà yẹn ló wà nísàlẹ̀, ìgbà 30 lo bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan, ní ṣíífù wákàtí mẹ́jọ ó ti di 240. Fóònù lo rò pé ò ń gbé, ara ẹ lò ń gbé.

Alábàárù ńkọ́? Wò ó dáadáa lọ́jọ́ tóo bá gba Sábó kọjá. Òṣùká wà lórí ẹ̀, èèyàn méjì ló bá a gbé àpò yẹn rù, ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ nà gbọnrangandan, ẹrù dúró sí gbùngbùn ara, kò bẹ̀rẹ̀, kò lọ́ sọ́tùn-ún lọ́ sósì, tó bá sì débi tó ń lọ wọ́n á tún bá a sọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn á lọ jókòó sórí ọmọlanke ẹ̀, á nu òógùn, á bá ẹnìkejì ẹ̀ jiyàn bọ́ọ̀lù títí oníbàárà míì fi máa pè é. Òun ló mọ ìgbà tó máa dìde. Ìwọ, skánà ló ń sọ ìgbà tóo máa mí. Mi ò sọ pé tiwọn dáa o, ọrùn àti orúnkún àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn, ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ rí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ìyà kan náà ló ń jẹ yín. Ẹrù ńlá ló ń jẹ wọ́n níyà. Tìrẹ, ẹrù kékeré tí kì í tán ni.

Èmi gan-an, ọrùn ọwọ́ ni tèmi. Sẹ́lótéèpù ni mò ń fà látàárọ̀, fííín, já a, fííín, já a, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àtàǹpàkò mi àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í kú lóru, màá jí màá máa gbọn ọwọ́ bí ẹni fẹ́ gbọn omi dànù. Màmá mi ti ń wá wòlíì. Físíò ló sọ fún mi pé iṣan tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá ni wọ́n fún mọ́lẹ̀, pé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń ní in gan-an.

Kí wá ni ṣíṣe? Wọ́n á ti sọ fún ẹ pé orúnkún ni kóo tẹ̀, má tẹ ẹ̀yìn, wọ́n lẹ pósítà ẹ̀ mọ́ ògiri níbi témi náà ti ṣiṣẹ́, ọkùnrin orí pósítà yẹn sì ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí, jẹ́ kí ọjà sún mọ́ ikùn ẹ kóo tó dìde, tóo bá fẹ́ yí, fi ẹsẹ̀ yí, má lọ́ ìbàdí bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá, kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ èyí tí pósítà ò sọ: ẹni tí wọ́n ní kó mú 90 ní wákàtí kan ò ní kúnlẹ̀ nígbà 240. Á kúnlẹ̀ láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán á ti padà sí bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń rọrùn gan-an ni kí wọ́n kó ọjà tó ń tà jù kúrò nísàlẹ̀ wá sí ìwọ̀n ìbàdí, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ èèyàn, kẹ́ni tó ń mú ọjà láàárọ̀ lọ máa lẹ sítíkà tó bá di ọ̀sán. Owó ńlá kankan ò bá a lọ. Ẹ kó ara yín jọ bíi mẹ́rin márùn-ún kẹ́ ẹ lọ bá súpáfáísọ̀ yín, má dá lọ o, ẹni tó bá dá lọ ni wọ́n máa ń pè ní aláròyé.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ ẹ̀ ò dín ní wákàtí kan, kó tún ní odidi ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ méje. Wákàtí yẹn, má fi í dúró máa tẹ fóònù o! Tẹ́ páálì sílẹ̀, fẹ̀yìn lélẹ̀, gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí trọ́lì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Omi náà, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀, abẹ́ pánù tí oòrùn ń pa yẹn kì í ṣe ibi téèyàn ti ń dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kì í mu omi torí ilé ìtọ̀ jìnnà, skánà sì ń ka ìṣẹ́jú. Gàrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ẹ̀pà dáa lọ́sàn-án, òógùn ń gbé iyọ̀ ara lọ, fi ẹja gbígbẹ tàbí ẹyin tì í. Bàtà ńkọ́? Tó bá jẹ́ òkìrìkà tí àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ ti jẹ tán ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ lórí kòǹkéré yẹn, gìgísẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún ẹ, wàá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ láàárọ̀ wàá pariwo.

Ẹ̀yìn tó ń ro lásán, má lọ dùbúlẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan tì í, ìrìn jẹ́jẹ́ ló ń tù ú. Ṣùgbọ́n tó bá di pé ẹsẹ̀ kan ń kú tàbí kò lágbára mọ́, tàbí abẹ́ ń kú bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, tàbí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ò ṣeé mú dúró mọ́, má dúró de àárọ̀, ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ yẹn. Ẹ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OOUTH ní Ṣágámù níbẹ̀, ẹ ò rìn jìnnà.

ÌBÉÈRÈ: Àwa mẹ́fà là ń já ẹrù lálẹ́ lápá Ògèrè. Kẹ́mísì kan wà níbẹ̀ tó ń po oògùn fún wa, funfun méjì, pupa kan, ọ̀kan wà tí kì í dárúkọ ẹ̀. Tá a bá ti lò ó, a máa ń ṣiṣẹ́ bí ẹṣin. Ẹnìkan tún ní ká ra bẹ́líìtì ẹ̀yìn. Èwo ló dáa jù?

ÌDÁHÙN: Kò sí.

Ẹ̀yìn yín ń sọ̀rọ̀, ẹ ń fi oògùn dí i lẹ́nu, ẹ wá tún gbé ẹrù lé e. Àwọn oògùn bíi diclofenac àti ibuprofen, téèyàn bá ń gbé wọn mì lójoojúmọ́ láìjẹun, wọ́n ń dá egbò sínú ikùn, ẹni tó bá sì ń làágùn tí ò mumi, kíndìnrín ẹ̀ ló ń fi ṣeré. Èyí tí wọn kì í dárúkọ ẹ̀ yẹn, èmi máa bá yín dárúkọ ẹ̀, ó jọ tramadol lójú mi, òun ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣe bí ẹṣin, ẹṣin náà sì máa ń ṣubú. Ó ń di bárakú, ó ń fa gìrì, ẹ sì wà lórí tírélà lóru, ojú kan ṣoṣo téèyàn bá pa dé ti tó. Ẹ má padà síbẹ̀ mọ́. Tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń lò ó, ẹ lọ rí dọ́kítà kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀, torí fífi í sílẹ̀ lójijì náà ní wàhálà tiẹ̀.

Bẹ́líìtì, NIOSH, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́, ti sọ láti 1994 pé àwọn ò rí ẹ̀rí tó tó pé ó ń dáàbò bo ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ ò tíì ṣe nǹkan kan. Ohun témi rí ni pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ máa ń rò pé òun ti di Ṣàngó, á lọ gbé méjì níbi tó ti ń gbé ọ̀kan. Ẹ fi owó yẹn dá trọ́lì kan, ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èyí tó bá ju kílò 25 níbẹ̀, ẹ pe ara yín, ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú déédéé ìwòyí. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Ọmọ mi ọkùnrin gboyè ní Àgọ́-Ìwòyè kó tó lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún tó kọjá. Ó ní wíàhaùsì lòun ń ṣe lóru, pé òun ń rìn tó ogún kìlómítà kílẹ̀ tó mọ́. Nínú ilé wo lèèyàn ti ń rin ogún kìlómítà? Mo ṣáà gbọ́ pé róbọ́ọ̀tì ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ní kó má parọ́ fún mi, ó wá bú sẹ́kún lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

ÌDÁHÙN: Mọ̀ọ́mì, ẹ pè é padà o, kò parọ́ fún yín.

Ilé yẹn kì í ṣe irú ilé tẹ́ ẹ mọ̀. Àwọn míì níbẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, òrùlé kan ṣoṣo ló bò ó. Kìlómítà méjì péré ní wákàtí kan, ìrìn ẹni tó ń najú lọ síbi ìkómọ nìyẹn, tẹ́ ẹ bá fi wákàtí mẹ́wàá lù ú, ogún ti pé. Àwọn tó ń ṣe é á sì sọ fún yín pé ìrìn gan-an kọ́ ni ìṣòro, ìdúró-bẹ̀rẹ̀-dìde tó wà láàárín ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì, òótọ́ ni. Ọdún 2012, ọdún yẹn náà ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ níbí, ni Amazon, iléeṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà tó ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fi 775 mílíọ̀nù dọ́là ra iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Kiva tó ń ṣe róbọ́ọ̀tì. Róbọ́ọ̀tì yẹn pẹlẹbẹ, ó ń wọ abẹ́ pẹpẹ, á gbé odidi pẹpẹ wá bá òṣìṣẹ́ níbi tó dúró sí. Ìrìn dín kù lóòótọ́ níbi tí irú ẹ̀ bá wà. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, bí pẹpẹ kan bá ṣe ń lọ lòmíràn ń dé, ẹni tó ń rìn tẹ́lẹ̀, ìrìn yẹn ni ọwọ́ àti èjìká ẹ̀ fi ń sinmi, ní báyìí ojú kan ló dúró sí, ó ń nawọ́ sókè, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń nawọ́ sókè, kò sí àlàfo mọ́. Nítorí irú táágẹ́ẹ̀tì tó ń lé òṣìṣẹ́ kiri báyìí ni ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣe ṣòfin lọ́dún 2021, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2022, pé wíàhaùsì ńlá gbọ́dọ̀ kọ iye táágẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, táágẹ́ẹ̀tì yẹn ò sì gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́ kó sinmi tàbí kó lọ tọ̀. Ẹ wò ó ná, òfin láti lọ tọ̀! Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ yín wà, àwọn òṣìṣẹ́ Amazon nílùú Coventry daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2023, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀, owó ló ṣáájú nínú ohun tí wọ́n ń jà fún.

Ohun kan wà tẹ́yin gan-an lè ṣe fún un. Aago mélòó lẹ máa ń pè é? Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé ọ̀sán ni, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti jẹun tán. Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru, ọ̀sán ni òru tiẹ̀, lásìkò òtútù wọ́n fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa, tí oòrùn wọn bá dé aago wa á dọ́gba, nítorí náà aago kan yín, oorun ló wà. Ẹ̀yin lẹ̀ ń jí i, Mọ̀ọ́mì, ẹ má bínú. Ẹ pè é ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kó tó jáde. Ẹ ní kó ra kọ́tìnì dúdú tó nípọn sí wíńdò, kó sì ra bàtà tó fi nọ́ńbà kan ju tẹsẹ̀ ẹ̀ lọ, torí ẹsẹ̀ ń wú tó bá máa fi di ìdájí. Ẹ má fi ti dìgírì ẹ̀ bú u o, òun náà mọ̀ pé òun ní in.

ÌBÉÈRÈ: Aṣọ ni mo ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Ìjẹ̀bú-Òde, aṣọ òkè, léèsì, fìlà. Ọmọbìnrin méjì ló ń bá mi dì í. Tí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, àwọn régbérégbé á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè aṣọ ẹgbẹ́, a máa ń di ẹrù wọ òru. Ilẹ̀ la to àwọn báńdù tó wúwo sí, kékeré wà lókè. Ọ̀kan nínú wọn ní èjìká ń dun òun, ìkejì ní ìbàdí. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kí n fowó kún owó wọn ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ fowó kún un, kì í ṣe èèmọ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ tún yàrá yẹn tò, torí tèmi bá ní kí n to yàrá láti fi ba èjìká àti ìbàdí jẹ́, bẹ́ ẹ ṣe tò ó yẹn gẹ́lẹ́ ni màá ṣe tò ó.

HSE, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ní òṣùwọ̀n kan tó máa là yín lójú. Tí ẹrù bá wà ní ìwọ̀n ìbàdí sí ìgúnpá, tó sún mọ́ ara, wọ́n ní ọkùnrin lè gbé tó kílò 25, obìnrin kílò 16. Tí ẹrù yẹn bá wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀, ọkùnrin 10, obìnrin 7 péré. Tó bá ga ju èjìká lọ, 10 àti 7 náà ni. Ìyẹn fún ẹni tó ń gbé e bí ọgbọ̀n ìgbà ní wákàtí kan o, tó bá ti di ìgbà márùn-ún sí mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n ní kẹ́ ẹ dín in sí ìdajì. Ẹ wá wọn báńdù tó wà nílẹ̀ yẹn lórí ìwọ̀n. Mo lérò pé ó ju 7 lọ dáadáa.

Nítorí náà, tó wúwo, tó ń tà, ìwọ̀n ìbàdí. Tó fúyẹ́ tí kì í tà, ẹ lè gbé e sókè tàbí sílẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè, ṣùgbọ́n pẹpẹ yín tí ọwọ́ àgbàlagbà gan-an ò tó yìí, ta lẹ kàn án fún? Tábìlì tí wọ́n ti ń dì í náà, ó dá mi lójú pé tábìlì oúnjẹ ni, ó kúrú jù, ẹ fi búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́fà ti ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí tó fi máa kan ìgúnpá wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ná yín ní nǹkan kan. Ẹ ra sẹ́lótéèpù tó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń fà á, kí wọ́n yéé fi eyín já a. Kí ọ̀kan jókòó máa kọ àdírẹ́sì nígbà tí ìkejì bá ń dì í, kí wọ́n máa pààrọ̀ ní wákàtí wákàtí. Ẹ sì mọ ọjọ́ Iléyá látọdún tó kọjá, ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ kẹta ẹ̀ ni Ojúde Ọba, kò yẹ kó bá yín lójijì. Ẹ mú ẹnì kẹta wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Oyún oṣù mẹ́rin ló wà nínú mi, ibi tí wọ́n ti ń di ọjà ni mo wà ní Ìpẹru, ìdúró wákàtí mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ mi ń wú tó bá di ìrọ̀lẹ́. Mi ò tíì sọ fún wọn, kí wọ́n má baà lé mi.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ó yé mi, ẹ̀rù náà ò ṣàdédé wá. Àmọ́ kí ikùn tó sọ ọ́ fúnra ẹ̀, ìwọ sọ ọ́, kóo gba ìwé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tóo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n fún ẹ ní àga, kóo má sì gbé ẹrù tó wúwo. Ìwé dọ́kítà tàbí nọ́ọ̀sì máa ń wọ àwọn súpáfáísọ̀ létí ju ẹnu wa lọ. Òfin Iṣẹ́ fún ẹ láyè láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tóo máa bí pẹ̀lú ìwé dọ́kítà, wọn ò sì gbọdọ̀ gbà ẹ́ sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Tóo bá ti lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn, ó kéré tán ìdajì owó ẹ ló yẹ kí wọ́n máa san ní gbogbo ìgbà yẹn, tóo bá sì padà, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú.

Ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń wú nírọ̀lẹ́ tó ń lọ tóo bá sùn, ó wọ́pọ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó ń dùn, tàbí kí ojú àti ọwọ́ wú, kí orí máa fọ́ ẹ gan-an, kí ojú máa ṣú ẹ, ìyẹn kì í ṣe ti ìdúró mọ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọjà tó wà lórí tábìlì kó dúró síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Páálì bọ́ láti orí òkìtì ọjà lé mi lẹ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ó lé ọjọ́ méjì rèé. Éjẹ́ǹtì tó mú wa wọṣẹ́ ní òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni mí, pé kí n lọ tọ́jú ara mi, tí mo bá yá kí n padà wá. Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé.

ÌDÁHÙN: Ẹni yìí, mo ti pè é lórí fóònù kí ìwé yìí tó jáde, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò lè dúró dìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Mo kàn ń kọ ọ́ síbí fún ẹ̀yin tó kù ni. Òfin kan wà tó ń jẹ́ Employee's Compensation Act, ti ọdún 2010, òun ló ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ wà nínú ẹ̀, òṣìṣẹ́ oníkọ́ńtíráàtì wà nínú ẹ̀, ẹni tí wọ́n fẹnu lásán gbà síṣẹ́ wà nínú ẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó sí i lọ́dọ̀ NSITF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó owó náà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù tó ń san, òṣìṣẹ́ ò dá kọ́bọ̀. Àmọ́ láàárín ọjọ́ 14 tí nǹkan bá ṣe ẹ́ lo gbọ́dọ̀ ti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, òun náà á wá ní ọjọ́ méje láti fi tó NSITF létí, ẹni tó bá fẹ́ béèrè owó gbà-má-bínú yẹn sì ní ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ló ń jókòó sílé máa fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ títí ọjọ́ 14 á fi kọjá.

Mo ní kó kọ lẹ́tà, ojú ewé kan péré: ọjọ́, aago, ibi tó dúró sí, ohun tó bọ́ lù ú, ẹni méjì tó rí i. Kó ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n bá a buwọ́ lu ọ̀kan pé àwọn gbà á, tí wọ́n bá kọ̀, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó má sì pa á rẹ́. Kó ya fọ́tò ẹsẹ̀ yẹn, kó gba ìwé àti ẹ́síréè ní ọsibítù, kó tọ́jú rìsíìtì. Ọjọ́ kọkànlá ló fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀. Éjẹ́ǹtì ò tíì fèsì títí tí mo fi kọ èyí, ṣùgbọ́n mánéjà wíàhaùsì fúnra ẹ̀ ti pè é, ó béèrè bóyá egungun ṣẹ́. Ìka kan ṣẹ́ lóòótọ́. Wọ́n ti fi ìwé sọwọ́ sí NSITF ní Abẹ́òkúta, a jọ ń retí ohun tí wọ́n máa sọ.